Ìyẹ̀fun Àkọ́lọ̀ Ilé Baba Ọlọ

Ọmọkùnrin Baba Ọlọ kú ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, kí omi ìwẹ̀ tí wọ́n gbé kaná fún un tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Inú ti ń run ún fún bí oṣù méjì, ó ń bì, ó ń rù, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ó ṣì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà lórí ìrọ̀rí, ó sì gba ìrọ̀rí náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gìrì gbé e lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló gbé e lọ.

Ìyá rẹ̀ tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀, kò sunkún. Ìkòkò omi ló ń wò.

"Ẹ bá mi sọ omi yẹn kalẹ̀," ló wí. "A ò lò ó mọ́."

Kì í ṣe ikú yìí ni àkọ́kọ́ ohun tó bàjẹ́ nínú ilé náà. Láàárín ọdún kan ó lé díẹ̀, oyún méjì ti wálẹ̀ lára obìnrin náà. Adìyẹ mọ́kànlá kú láìsí àrùn tí ẹnikẹ́ni mọ orúkọ rẹ̀. Baba Ọlọ fúnra rẹ̀ a máa di ikùn mú lójijì lẹ́nu iṣẹ́, a fara ti ògiri títí yóò fi lọ sílẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méje, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Aláròyé nítorí pé ó máa ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀ bí kò bá rí ènìyàn bá sọ ọ́, ti ń dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ilé tó wà lápá ọ̀tún wọn ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń bímọ. Ti apá òsì náà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà àwọn ará abúlé fẹnu kò pé ohun tó ń ṣe ilé Baba Ọlọ, inú ilé náà ló wà. Òótọ́ ni wọ́n sì sọ.

Ènìyàn mẹ́rin ló ṣẹ́ kù níbẹ̀: Baba Ọlọ, ìyàwó rẹ̀, Aláròyé, àti ẹ̀gbọ́n Baba Ọlọ obìnrin, opó tí kò bímọ, tó padà sílé bàbá wọn lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn pẹ̀lú àpótí onígi kan. Adákẹ́ ni wọ́n ń pè é. Bí o bá bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, ẹ̀kẹta ni yóò dáhùn. Yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé. Òun ló ń gbálẹ̀ ilé ọlọ, òun ló ń jọ ìyẹ̀fun, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ méjèèjì máa ń sùn sí lọ́sàn-án.

Bàbá wọn ló fi ilé ọlọ náà sílẹ̀. Òkúta ńlá méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, wọ́n rí roboto bí ìdérí àmù. Ti ìsàlẹ̀ kì í mira. Ti òkè ni ẹ́ńjìnnì ń fi bẹ́líìtì yí. Ihò kan wà láàárín òkúta òkè tí àgbàdo ń gbà wọlé, irin kan sì dábùú ihò náà. Irin yẹn ló gbé gbogbo òkúta náà dání. Bí irin bá mì, òkúta a mì, ìyẹ̀fun kò sì ní kúnná. Nígbà ayé bàbá wọn, igi líle ni wọ́n ń gbẹ́ tín-ín-rín, tí wọ́n ń kàn bọ ẹ̀gbẹ́ irin náà kó lè dúró. Igi a máa gbẹ, a máa yọ; oṣooṣù ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ yìí sú Baba Ọlọ. Ní ọdún kan àbọ̀ sẹ́yìn ó wá ọgbọ́n tirẹ̀. Ó ra òjé, ó yọ́ ọ lórí ẹ̀yinná, Adákẹ́ di ìgbakọ mú, ó sì dà á yí irin náà ká. Òjé dì mọ́ ọn gbagidi. Oṣù mẹ́rin gbáko ni irin náà lò kó tó tún mì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pe àwọn oníbàárà wọlé kí wọ́n wá wò ó.

Bàbá wọn fi òfin kan sílẹ̀ pẹ̀lú. Nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé òkúta sókè, tí wọ́n ṣe é, tí wọ́n sì dá a padà, àpò ìyẹ̀fun tó bá kọ́kọ́ jáde kì í ṣe ti oníbàárà, nítorí eruku òkúta máa ń wà nínú rẹ̀. Àkọ́lọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ará ilé ló ń jẹ ẹ́ títí yóò fi tán, kó má baà jẹ́ pé eyín ẹlòmíràn ni yóò rún òkúta. Àwọn ènìyàn máa ń yin ilé náà nítorí òfin yìí.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n sin ọmọ náà, Ìyá Elépo wọlé. Epo àtùpà ló ń kiri tà láti ilé dé ilé, ìròyìn sì ni ó fi ń ṣe èènì.

"Mi ò kì í sọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni o," ló wí, ó sì jókòó dáadáa kó lè sọ ọ́. "Ṣùgbọ́n ojú mi báyìí ló rí i. Láfẹ̀mọ́júmọ́ àná, mo ń gba ẹ̀yìn ilé ọlọ yín kọjá. Mo rí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ tó bẹ̀rẹ̀, tó ń gbẹ́ ilẹ̀. Ẹyẹ ló ń sin."

"Ẹyẹ?" ni ìyàwó Baba Ọlọ bi í.

"Àdàbà mẹ́rin. Ó tò wọ́n sínú ihò, ó da erùpẹ̀ bò wọ́n, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ènìyàn ń sin ẹyẹ bí ẹni ń sin ènìyàn, o sì ń bi mí ní 'ẹyẹ'?"

"Bóyá wọ́n kú ni."

"Wọ́n kú. Ọmọ rẹ náà kú. Ta ló kù?" Ó gbé agolo epo rẹ̀ sórí. "Má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o."

Òótọ́ ni pé Adákẹ́ ń sin ẹyẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ẹ́ńjìnnì bá ti dákẹ́, àwọn àdàbà máa ń sọ̀ sílẹ̀ wá ṣa ìyẹ̀fun tó dà sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n a sì fò padà sórí páànù. Láti bí ọdún kan, ẹsẹ̀ wọn ti ń gbọ̀n lórí páànù náà. Yóò gbọ́ tí èékánná wọn ń ha irin, tí wọ́n ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí, lẹ́yìn náà ohun kan yóò já bọ́ sílẹ̀ pọ̀. Kì í sùn lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Kí ojúmọ́ tó mọ́, yóò lọ ṣà wọ́n, yóò sì sin wọ́n kí Aláròyé má baà rí wọn kó bú sẹ́kún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹnikẹ́ni kò bi í.

Wọ́n bi í lọ́jọ́ náà. Ìyàwó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, Baba Ọlọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

"Àǹtí, kí lẹ ń fi ẹyẹ ṣe?"

Adákẹ́ wò ó.

"Mo ní kí lẹ ń fi ẹyẹ ṣe?"

"Mò ń sin wọ́n."

"Kí ló dé tí ẹ fi ń sin wọ́n?"

"Wọ́n ti kú ni."

"Ta ló pa wọ́n?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀. Ẹyẹ kú, ẹ ò mọ̀. Adìyẹ kú, ẹ ò mọ̀. Oyún mi méjì, ẹ ò mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ yín lọmọ mi sùn sí lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní Ọjọ́rú ó kú." Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ohun tó wà lórí pátákó. Lẹ́yìn náà ó fi 'ẹ̀yin' sílẹ̀, ó bọ́ sí 'ìwọ'. "Ìwọ àjẹ́ yìí. Ìwọ tó ò bí, tó ò jẹ́ kí ẹlòmíràn bí. Jáde nílé mi."

Àbúrò rẹ̀ ni Adákẹ́ yíjú sí. Àbúrò yìí, òun ló pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wọn ń ṣàìsàn. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fetí sí òkúta kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó ń lọ̀ dáadáa. Ó dúró dè é kó sọ̀rọ̀. Baba Ọlọ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí onígi náà dé ojú títì, nítorí Adákẹ́ kò lè gbé e. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń rọ láti ìgbà òjò, ọrùn ọwọ́ a kàn ṣubú bí ẹni pé kò ní eegun. Ọjọ́ ogbó ló rò pé ó jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Baba Ọlọ wí, "ẹ jẹ́ kí ara ìyá ọmọ kọ́kọ́ rọlẹ̀."

Ó gbé àpótí kalẹ̀, ó sì padà. Kò wẹ̀yìn.

Abúlé kejì jìnnà tó ìrìn wákàtí méjì. Pásítọ̀ tó wà níbẹ̀ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì ń wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi, òróró kẹ̀kẹ́ kì í sì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó fún Adákẹ́ ní yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò bi í ní ohun tó ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ń bu oúnjẹ fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, Adákẹ́ sì ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń to bẹ́ńṣì, ó ń nu ojú fèrèsé. Kò dùn ún, kò sì tù ú. Bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri, tó dìde, tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ló ń tẹ̀ ló ṣe rí.

Ohun kan ṣoṣo ni Pásítọ̀ kíyè sí. Bí ìjọ bá ń gba àdúrà Olúwa, ẹnu Adákẹ́ ń bá wọn lọ títí wọ́n á fi dé ibi ìdáríjì. Níbẹ̀ yóò pa ẹnu dé. Bí wọ́n bá kọjá ibẹ̀, yóò tún bá wọn lọ.

"Màmá," ló wí lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń lẹ táyà, "mo rí i pé ẹ máa ń dúró níbì kan."

"Mi ò fẹ́ parọ́ nínú ilé Ọlọ́run ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èpè lẹ wá ń ṣẹ́ fún wọn ni?"

Adákẹ́ rò ó. "Rárá. Mi ò fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kó ṣe bí ẹni pé wọn ò sí."

Pásítọ̀ tẹ táyà náà mọ́lẹ̀, ó ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò. "Ìyẹn le ju èpè lọ, Màmá. Ẹni tó ń ṣépè ṣì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀."

"Mo ti wá inú mi kiri. Kò sí inú rere kankan fún wọn níbẹ̀."

"Ta ló bi yín ní inú? Inú ò sí lọ́wọ́ wa. Ìṣó ṣì wà lọ́wọ́ Jésù nígbà tó ń tọrọ ìdáríjì fún àwọn tó kàn án. Kò dúró kí ojú ọgbẹ́ jinná ná. Iṣẹ́ ni, Màmá, bí ilẹ̀ tí ẹ̀ ń gbá yìí. Ṣé inú yín máa ń dùn kẹ́ ẹ tó gbá a?"

"Ẹ̀yìn ló máa ń dùn mí."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín tó lè ṣe wọ́n lóore, ẹ má fi pamọ́ fún wọn."

"Kò sí ohun tó wà lọ́wọ́ mi."

"Ó dáa. Ẹ ò jẹ wọ́n ní gbèsè kankan nìyẹn."

Oṣù méjì kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan Adákẹ́ gbé garawa omi láti ibi kànga dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kó tó rí i pé ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbé e. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó gbé ọwọ́ náà sókè, ó yí i, ó ṣí i, ó pa á dé. Ọrùn ọwọ́ dúró. Inú tó máa ń run ún kò run ún mọ́ náà, kò sì mọ ọjọ́ tó ti dẹ́kun.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Pásítọ̀ ní kó gbé bátìrì ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ fún oníbátìrì ní oríta. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń yọ́ òjé nínú agolo nígbà tó dé. Adákẹ́ jókòó dè é, ó sì tú búrẹ́dì tó mú dání.

"Ẹ̀ẹ̀, Màmá! Ẹ má jẹ nǹkan níbí o!"

"Kí ló wà níbí?"

"Òjé ni. Ó ń bà lé nǹkan, ẹ ò ní rí i. Bí ó bá ti ń gba ẹnu wọlé díẹ̀díẹ̀, ó parí." Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ ṣubú. "Báyìí ni ọwọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe rí gbẹ̀yìn. Ìdí iṣẹ́ ló ti máa ń jẹun. Inú ń run ún, oyún ò dúró lára ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kékeré ń gan. Wọ́n ní àjẹ́ ni. Dókítà ló gba ẹ̀jẹ̀ wọn, tó ní òjé ni."

Adákẹ́ di búrẹ́dì náà padà. "Ẹnìkan wà ní abúlé wa tó ń fi òjé de irin ọlọ."

"Baba tó ní ilé ọlọ? Ọwọ́ mi ló ti ń rà á. Ìgbakọ kan, ní oṣù mẹ́rin-mẹ́rin. Ó tún rà á lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo rò pé àwọ̀n ẹja ló ń fi ṣe."

Adákẹ́ gbé bátìrì náà padà dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Gbogbo rẹ̀ ló tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí apá ẹ̀rọ tí wọ́n tú palẹ̀. Bí òkúta bá ń yí lórí òkúta, ohun tó wà láàárín wọn á máa rún lọ sínú ìyẹ̀fun. Òjé rọ̀ ju òkúta lọ. Èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dà ló máa ń yọrí ju ojú òkúta lọ, nítorí náà àpò àkọ́kọ́ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù. Àwọn oníbàárà ń jẹ ìyókù. Ilé ló ń jẹ àkọ́lọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló rà á. Ọ̀sẹ̀ yìí ni yóò dà á, tí ará ilé yóò sì jẹ àkọ́lọ̀. Aláròyé.

Kò sí ẹni tí yóò bi í. Bí ó bá jókòó síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ láéláé pé ó mọ̀. Bí ó bá lọ, wọn yóò ní báwo ló ṣe mọ ohun tó ń pa wọ́n bí kì í bá ṣe òun ló ń pa wọ́n. Ó rò méjèèjì, kò sì rí ìbínú tàbí àánú tó lè tì í síbì kan. Ó ṣófo. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló rí.

"Mo dárí jì wọ́n," ló wí sókè, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí kò sí ènìyàn.

Ó dúró, ó ń fetí sí ara rẹ̀. Kò gbọ́ ohun kankan. Ó ti ìlẹ̀kùn, ó sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Ẹ́ńjìnnì ń kù nígbà tó dé. Bí ènìyàn mẹ́fà tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àgbàdo wọn, Ìyá Elépo sì wà láàárín wọn. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ nídìí iná lágbàlá, ó ń ro ìyẹ̀fun ní rírọ̀ fún aláìsàn. Lórí ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Aláròyé dùbúlẹ̀, ó ń wo òkè. Apá rẹ̀ ti tín-ín-rín bí ọwọ́ ìgbálẹ̀.

"Dúró níbẹ̀!" Ìyàwó ti dìde. "Má wọlé yìí!"

"Ìyàwó, ìyẹ̀fun wo lo fi ń ro nǹkan yẹn?"

"Kí ló kàn ọ́ nínú oúnjẹ ọmọ mi?"

"Ṣé àkọ́lọ̀ ni?"

Ìyàwó yíjú sí àwọn tó ń dúró. "Ẹ gbọ́ o. Kò tíì wọlé tó ti mọ ohun tó wà nínú ìkòkò."

"Ṣé mo sọ àbí mi ò sọ?" ni Ìyá Elépo wí.

Adákẹ́ rìn wọlé. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ di ìkòkò náà mú, ó sì dojú rẹ̀ dé sínú eérú. Ìyàwó gbá a lójú. Ó tún gbá a. Adákẹ́ kò gbé ọwọ́ sókè. Ó kọjá lára rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ọlọ, ó sì kígbe ju ẹ́ńjìnnì lọ, obìnrin tí abúlé kò gbọ́ kígbe rí:

"Àbúrò mi! Ìgbakọ òjé mélòó la ti dà sínú ọlọ yìí?"

Baba Ọlọ dúró pẹ̀lú àpò lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ."

"Mélòó?"

"A dà á lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo tún dà á lánàá. Mẹ́fà."

"Ẹ̀gbẹ́ irin yẹn, ìgbakọ òjé mélòó ló gbà?"

"Ọ̀kan."

"Ibo ni márùn-ún yòókù wà?"

Kò sí ẹlòmíràn ní abúlé náà tí ìbéèrè yẹn ìbá dá dúró. Baba Ọlọ ti lo gbogbo ayé rẹ̀ láàárín ohun tó ń wọlé láti òkè tó sì ń jáde nísàlẹ̀. Ó wo òkúta òkè, ó wo ihò, ó wo ẹnu ibi tí ìyẹ̀fun ti ń jáde sínú àpò. Ó na ọwọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì. Bẹ́líìtì yí díẹ̀ sí i, ó dúró.

"Bu omi wá," ni Adákẹ́ wí.

Baba Ọlọ fúnra rẹ̀ ló lọ bù ú. Ó da ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun àkọ́lọ̀ méjì sínú abọ́ tánganran fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó bomi sí i, ó ń mì í yípo jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ọkà. Omi funfun ṣàn kúrò lójú abọ́. Ó tún bomi sí i. Lẹ́ẹ̀kẹwàá, omi mọ́. Nísàlẹ̀ abọ́, ohun kan ṣẹ́ kù bí oṣù tuntun, ó dúdú díẹ̀, ó ń dán. Ó fi àtàǹpàkò mú un, ó sì fà á sára ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn. Ó fa ìlà aláwọ̀ eérú. Ó mú ẹyọ òjé tó ṣẹ́ kù lórí tábìlì, ó fa ìlà mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlà méjèèjì kò yàtọ̀.

"Kí ni yẹn?" Ìyàwó ti wà lẹ́yìn wọn.

Baba Ọlọ kò yíjú. "Èmi ni," ló wí.

"Mo ní kí ni?"

"Òjé ló wà nínú oúnjẹ. Májèlé ni," ni Adákẹ́ wí. "Òun ló pa àwọn ẹyẹ. Èmi ni mo di ìgbakọ mú fún un. Ọwọ́ mi náà wà níbẹ̀. Gbé ọmọ, ká máa lọ sílé ìwòsàn."

Àwọn oníbàárà gbé àgbàdo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Elépo ló kẹ́yìn. "Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin," ló sọ fún Adákẹ́.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn, ó ní òjé ni. Abẹ́rẹ́ tó ń fa òjé jáde kúrò lára wà, ó sì dùn wọ inú eegun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni Aláròyé lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó yè. Ó ń kọsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, ó ń gbàgbé orúkọ nǹkan, dókítà sì ní a ò tíì mọ èyí tí yóò padà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n padà sílé, Adákẹ́ bá wọn padà, nítorí ó yẹ kí ẹnìkan máa ro oúnjẹ.

Baba Ọlọ ti fọ́ òjé náà kúrò pátápátá, ó sì ti gbé òkúta òkè jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò tún un ṣe. Láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ó jókòó sórí àpótí nínú ilé ọlọ, ó ń wo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀. Kò bú u, kò sọkún sí i lára. Ó ń gbà á kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá.

Lọ́jọ́ kẹfà, ìyàwó wá sí yàrá ẹ̀yìn, ó sì kúnlẹ̀. Adákẹ́ ń ṣa ẹ̀wà.

"Àǹtí, ẹ dárí jì mí."

"Dìde. Mo ti dárí jì ọ́ kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn."

"Kí n tó gbá yín lójú?"

"Kó o tó gbá mi. Ìyẹn ni mo ní láti tún ṣe lọ́tọ̀."

Ìyàwó kò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín. "Ó ti wá tán nínú yín?"

"Kò tán." Adákẹ́ ju ẹyọ òkúta kan nù. "Lánàá tó o gbé omi kọjá, mo tún rántí. Mo tún un sọ, mo ní mo dárí jì ọ́. Mo sì ń ṣa ẹ̀wà mi lọ."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń sọ ọ́ lójúmọ́?"

"Níbẹ̀rẹ̀, mi ò lè kà á. Báyìí, bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Jésù ò ní ká kà á mọ́, ṣùgbọ́n mò ń kà á kí n lè mọ̀ bóyá ó ń dín kù."

Ìyàwó jókòó sílẹ̀. "Ọmọ mi ni," ló wí. "Ọkọ mi máa ń pe àwọn oníbàárà wọlé kí wọ́n wá wo òjé náà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè wo ojú rẹ̀."

"Ta ló ní kó o wo ojú rẹ̀?"

"Kí ni kí n ṣe nígbà náà?"

"Kò tíì jẹun láti ìjẹta. Gbé oúnjẹ lọ fún un. Abọ́ ni kó o máa wò."

Adákẹ́ wà lójú fèrèsé, ó sì rí i. Ìyàwó gbé abọ́ wọ ilé ọlọ, ó gbé e kalẹ̀ lórí òkúta ìsàlẹ̀. Baba Ọlọ gbójú sókè.

"Mo dárí jì ọ́," ni obìnrin náà sọ fún abọ́, bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ẹlòmíràn.

Èjìká ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Má sunkún. Mi ò tíì lè gba ẹkún rẹ. Jẹun."

Ó jẹun. Obìnrin náà dúró tì í, ó kó ọwọ́ lé àyà, ó ń wo abọ́ náà bó ṣe ń dín kù títí tó fi ṣófo. Ó gbé e. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, kò yíjú padà.

"Màá tún wá sọ ọ́ lọ́la," ló wí.